Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rẹ́tínà: a dáhùn ìbéèrè yín lórí ojú tí kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀

Lẹ́tà méje la yọ nínú èyí tó dé láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin lórí ọ̀rọ̀ kan náà: rẹ́tínà tó ká kúrò nínú ojú, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ láti dá a padà, ṣùgbọ́n tí ìríran kò dà bó ṣe wà. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, rẹ́tínà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ ẹ̀yìn ẹyinjú nínú. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀, tó sì ń fi ohun tí a ń wò ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bó bá ya, omi inú ojú á gba ibi tó ya wọ ẹ̀yìn rẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a kúrò lára ògiri ojú. Kó tó di àwọn ọdún 1920 tí Jules Gonin, dókítà ojú kan ní Swítsàlandì, fi hàn pé dídí ojú ibi tó ya ni ìwòsàn rẹ̀, ẹni tí rẹ́tínà rẹ̀ bá ti ká, ojú yẹn lọ nìyẹn. Lónìí, ojú náà kì í sábà lọ tán. Bí a ó ṣe máa lo èyí tó ṣẹ́ kù ni lẹ́tà yín ń béèrè.

Ṣé iṣẹ́ abẹ náà bàjẹ́ ni?

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Ouando. Ó pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ rẹ́tínà ojú ọ̀tún mi. Dókítà ní ó ti lẹ̀ dáadáa. Àmọ́ bí mo bá fọwọ́ bo ojú òsì, férémù ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi máa ń wọ́, ìlà ara aṣọ kì í tọ́, pupa kì í pọ́n tó. Bí mo bá la méjèèjì, nǹkan kan á di méjì. Mo ra awò ojú lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, kò ṣe nǹkan kan. — Ìyá aláṣọ, Àjàṣẹ́

Màmá, ohun tí ẹ sọ yìí kò fi hàn pé iṣẹ́ abẹ bàjẹ́. Ọ̀tọ̀ ni kí rẹ́tínà lẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ojú ríran, ó sì dùn wá pé wọn kì í sábà là á yé aláìsàn kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Níbi tí irinṣẹ́ bá ti pé, nínú èèyàn mẹ́wàá, rẹ́tínà àwọn bíi mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ló ń lẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ti ìríran wà lọ́wọ́ ibi kékeré kan láàárín gbùngbùn rẹ́tínà tí wọ́n ń pè ní mákúlà. Ibẹ̀ la fi ń kàwé, ibẹ̀ la fi ń dá ojú èèyàn mọ̀, ibẹ̀ la fi ń mọ àwọ̀. Bí mákúlà kò bá tíì ká kí dókítà tó dé ibẹ̀, ìríran sábà máa ń padà dáadáa. Bó bá ti ká, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti wà láìrí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń gbà láti ara ògiri ẹ̀yìn wọn. Òmíràn á kú, òmíràn á máa gbára padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ká fún ọjọ́ mélòó kan kò lè rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tí tirẹ̀ ká fún oṣù kan.

Ìlà ń wọ́ nítorí pé rẹ́tínà tó padà kì í sábà jókòó sí ojú ibi tó wà gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ mọ̀ ọ́n: aṣọ tó ti rún, bí a bá lọ̀ ọ́, ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ kí ojú ìrún ṣì máa hàn. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó wà ní ìhín ti bọ́ sí ọ̀hún, ọpọlọ sì ń ka iṣẹ́ tó rán wá bí ẹni pé kò kúrò láyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí ojú ọ̀tún ń rí àti èyí tí ojú òsì ń rí kò fi wọ inú ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbàpadà máa ń wáyé láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ó sì lè máa yọ́ rìn títí di ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́rin yín kì í ṣe òpin.

Kí ẹ tó gbà pé ibi tó mọ nìyí, àwọn nǹkan kan wà tó ṣeé tún ṣe, ẹ sì gbọ́dọ̀ béèrè wọn lọ́wọ́ dókítà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà awò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀já sílíkọ́ọ̀nù ni wọ́n fi gbá ẹyinjú mọ́, ẹyinjú á gùn sí i, ojú náà á wá nílò awò ìwo-ọ̀ọ́kán tó tó díópítà (ìwọ̀n agbára awò) méjì sí mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ òróró sílíkọ́ọ̀nù, èyí tí wọ́n máa ń fi di rẹ́tínà mú, ló ṣì wà nínú ojú tí lẹ́ǹsì tirẹ̀ kò tíì kúrò, ìdàkejì ni: ojú lè fẹ́ awò ìwo-ìtòsí tó tó díópítà márùn-ún. Ẹ rí i pé awò àwọn tó ń kiri, tí gíláàsì rẹ̀ méjèèjì ní agbára kan náà, kò lè bá ojú méjì tó ti yàtọ̀ tó báyìí mu. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ń wọn awò tòótọ́, nígbà tí ojú bá ti dúró sójú kan. Èkejì ni òróró yẹn fúnra rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, torí bó bá pẹ́ jù ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, kó gbé ìfúnpá inú ojú sókè. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ yíyọ rẹ̀ kọjá nítorí ọjà. Ẹ̀kẹta ni kataráàtì, ìyẹn lẹ́ǹsì inú ojú tó ń di funfun. Ẹni tó bá ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tí wọ́n yọ omi jẹ́lì inú ojú rẹ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ, ó ṣeé ṣe gidigidi kó ní in láàárín ọdún méjì. Bí ìríran tó ti ń dára bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí oòrùn ń ta ojú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì wà. Awọ tín-ín-rín tún lè hù sórí mákúlà kó máa fà á. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní OCT, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán rẹ́tínà ní ìpele ìpele, ló ń fi èyí hàn.

Kí ẹ lè mọ̀ bóyá wíwọ́ náà ń pọ̀ sí i, ẹ mú ojú ewé kan nínú ìwé oníṣirò àwọn ọmọ, èyí tó ní igun mẹ́rin kéékèèké. Ẹ to àmì dúdú kan sí àárín rẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 30, pẹ̀lú awò ìkàwé bí ẹ bá ní, ẹ bo ojú òsì, ẹ tẹjú mọ́ àmì náà, kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì yí ibi tí ìlà ti wọ́ ká, ẹ kọ déètì sí i. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Bí ibi tó wọ́ bá ń fẹ̀, ẹ gbé àwọn ojú ewé náà lọ bá dókítà.

Ní ti nǹkan tó ń di méjì, awò kan wà tí wọ́n gé gíláàsì rẹ̀ láti darí ìmọ́lẹ̀. Tí ojú bá ti dúró, ẹ béèrè bóyá ó lè bá tiyín mu. Ṣáájú ìgbà náà, ẹ lẹ tépù funfun tí kì í mọ́ gaara mọ́ inú gíláàsì ọ̀tún nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọn aṣọ tàbí ka owó. Ẹ ṣí i lẹ́yìn náà, kí ojú náà lè máa ṣiṣẹ́.

Bàbá wa ń rí ìlà kan tó ń mì

Bàbá wa ti Kútọnu dé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní gáàsì wà nínú ojú wọn, kí wọ́n máa dojú bolẹ̀. Wọn ò rí ju ọwọ́ tó ń jù lọ, wọ́n sì ń rí ìlà kan tó ń mì bí wọ́n bá ti mi orí. Wọ́n ń sọ pé àwọn ti fọ́jú. — Àkọ́bí ọkùnrin, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ fi bàbá lọ́kàn balẹ̀. Ojú tó kún fún gáàsì kò lè rí ju ìyẹn lọ, kódà bí rẹ́tínà bá wà ní pípé. Ara ń fa gáàsì náà mu díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń dín kù, òkè ni ìmọ́lẹ̀ máa kọ́kọ́ mọ́, ìlà yẹn á máa sọ̀kalẹ̀ lójoojúmọ́, títí yóò fi di ìfófòó kékeré kan nísàlẹ̀ tó lè pín sí méjì tàbí mẹ́ta, kó tó pòórá. Oríṣi gáàsì kan, SF6, máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Òmíràn, C3F8, máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ wo èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé iṣẹ́ abẹ wọn, ẹ ó mọ iye ọjọ́ tó kù.

Gáàsì fúyẹ́, òkè ló máa ń lọ. Bí bàbá bá dojú bolẹ̀, á gòkè lọ tẹ ẹ̀yìn ojú, níbi tí rẹ́tínà wà, á sì mú un mọ́lẹ̀ títí ibi tí wọ́n fi iná tàbí yìnyín lẹ̀ yóò fi jinná. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀, á kọjú sí iwájú, á máa ba lẹ́ǹsì jẹ́, á sì lè sé ọ̀nà omi inú ojú. Nítorí náà, a kì í fi ẹ̀yìn sùn rárá. Bí dókítà kò bá sọ ohun mìíràn, ìṣẹ́jú 50 ní ìdojúbolẹ̀ nínú wákàtí kan, ìṣẹ́jú 10 fún oúnjẹ, ìtọ̀ àti ìnara. Ẹ gbé ìrọ̀rí méjì sórí tábìlì, kí wọ́n fi iwájú orí lé e, kí imú wà láàárín méjèèjì. Ẹ fún wọn ní páìpù ìmumi kí wọ́n má bàa gbé orí sókè. Kí wọ́n máa mi ẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì ní ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sójú kan.

Wọn ò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú títí gáàsì yóò fi tán: ó máa wú lókè, ó sì lè pa ojú náà. Bí ìrìn àjò bá fẹ́ gbé wọn gba òkè Atakora, ẹ bi dókítà kọ́kọ́. Dókítà eyín tàbí oníṣẹ́ abẹ èyíkéyìí tó bá fẹ́ kùn wọ́n lóorun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé gáàsì wà lójú wọn, torí gáàsì ìkunnilóorun kan wà tó máa ń wọ inú rẹ̀. Ẹ so ìdè ọwọ́ tí ilé ìwòsàn fún wọn mọ́ ọwọ́, ẹ má tú u. Bí ojú bá ń ro wọ́n gan-an, tí èébì ń gbé wọn, ìfúnpá inú ojú ló ṣeé ṣe kó ti ga: òru yẹn náà ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Awò kò lè ṣe jù báyìí lọ

Olùkọ́ ni mí ní Kétu. Ojú òsì mi kò ríran láti kékeré. Ọ̀tún tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni rẹ́tínà rẹ̀ ká lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti wọn awò fún mi, wọ́n ní ibi tó lè dé nìyẹn. Mò ń rí èèyàn tó ń bọ̀, mi ò dá ojú wọn mọ̀. Ìwé àwọn ọmọ kò ṣeé kà mọ́. Ọdún mẹ́fà ló kù kí n fẹ̀yìn tì. — Tíṣà, Kétu

Ọ̀gá Tíṣà, iṣẹ́ yín kò tíì bọ́. Lẹ́yìn awò, ohun mẹ́ta ló ń mú kí ojú tó rẹ̀wẹ̀sì wúlò: ìmọ́lẹ̀, ìyàtọ̀ àwọ̀, àti ìtóbi nǹkan. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ṣáájú, òun ni àwọn èèyàn máa ń fojú kéré jù.

Gílóòbù tó wà lókè àjà kò tó. Ẹ gbé fìtílà orí tábìlì tó ṣeé tẹ̀ sí apá ọ̀tún, kó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò fi bọ́ sórí ìwé, tí kò ní bọ́ sójú. Bó bá jìnnà sí ìwé ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ẹ sún un dé 30, ìmọ́lẹ̀ orí ìwé náà ti di ìlọ́po mẹ́rin láìjẹ́ pé ẹ ra gílóòbù tuntun. Nígbà tí ẹ bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, ẹ gbé e sí òsì kí òjìji ọwọ́ má bo ìlà. Ẹ ní fìtílà tó ń gba iná sínú fún ìgbà tí iná bá lọ. Níta, ìdàkejì ni ìṣòro: ìtànṣán oòrùn máa ń tú ká nínú ojú tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún, á sì bo gbogbo nǹkan mọ́ra. Akẹtẹ̀ tàbí fìlà tó ní etí iwájú ṣe ju awò dúdú lọ. Bí ẹ bá fẹ́ awò oòrùn, kó jẹ́ èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, torí èyí tó dúdú kirikiri ń gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù lọ́wọ́ yín.

Ní ti ìyàtọ̀ àwọ̀, kí àwọn ọmọ máa fi bírò dúdú kọ iṣẹ́ wọn dípò àwọ̀ búlúù, kí wọ́n máa fo ìlà kan. Ẹ gé páálí dúdú, kí ẹ dá ihò gígùn sí àárín rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 15 ní gígùn, sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ ní fífẹ̀. Ẹ gbé e lé ìwé kí ìlà kan ṣoṣo máa hàn. Bébà funfun tó yí ọ̀rọ̀ ká kò ní máa tàn sí yín lójú mọ́, ẹ ò sì ní máa sọ ìlà nù. Kí wọ́n máa fi aṣọ tútù nu pátákó, torí eruku ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n nù gbẹ máa ń sọ ọ́ di eléérú, ọ̀rọ̀ á sì rì sínú rẹ̀.

Ìtóbi ńkọ́? Bí ìwé bá kúrò ní sẹ̀ǹtímítà 40 dé 20, lẹ́tà ti di ìlọ́po méjì lójú yín. Kò sí ìpalára kankan nínú mímú ìwé súnmọ́ ojú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà yín. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ lo awò ọwọ́ tó ń sọ lẹ́tà di ńlá. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń ra èyí tó fẹ̀ jù. Bí awò bá ṣe fẹ̀ tó ni agbára rẹ̀ sábà máa ń kéré tó. Èkejì ni pé wọ́n máa ń nà án síwájú, lẹ́tà mẹ́ta péré ni wọ́n á sì máa rí. Wọ́n máa ń kọ agbára rẹ̀ sára mímú rẹ̀ ní díópítà. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn pín 100, ohun tó bá jáde ni sẹ̀ǹtímítà tó yẹ kó wà láàárín awò àti ìwé: awò díópítà 10, sẹ̀ǹtímítà 10, awò díópítà 20, sẹ̀ǹtímítà 5. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ojú wá bá awò, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, kí ẹ máa fa ìwé lọ dípò kí ẹ máa fa orí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù tó ṣì jẹ́ kí ẹ kàwé. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ẹ béèrè èyí tó ní ẹsẹ̀ tí a ń gbé lé orí ìwé.

Fóònù ti gba ipò púpọ̀ nínú èyí. Ẹ ya fọ́tò ojú ewé, kí ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́. Lórí fóònù Android tó wà ní èdè Faransé, ẹ wọ Paramètres, lẹ́yìn náà Accessibilité: Agrandissement wà níbẹ̀ fún fífẹ àwòrán, TalkBack sì wà tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè. TalkBack máa ń yí bí a ṣe ń tẹ fóònù padà, ìfọwọ́kàn kan á kà á, méjì á ṣí i. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan jókòó tì yín ní ìgbà àkọ́kọ́.

Bí ó bá jẹ́ àárín ìríran ló ṣókùnkùn, ẹ lè kọ́ ojú láti máa fi ẹ̀gbẹ́ wò. Kí ẹnì kan jókòó ní iwájú yín ní mítà kan. Ẹ fojú inú wo ojú rẹ̀ bí aago. Ẹ tẹjú mọ́ aago 12, lẹ́yìn náà 3, 6, àti 9, kí ẹ sì máa kíyè sí ìgbà tí imú rẹ̀ hàn jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa darí ojú sí. Ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó máa ń rẹni lákọ̀ọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkíni sì wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ré àgbà kọjá láì kí i ti ṣe àfojúdi, wọn kì í ro ti ojú. Ẹ sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́, àwọn òbí àti àwọn ọmọ kíláàsì ní gbangba pé ẹ kì í dá ojú mọ̀ mọ́, kí wọ́n dárúkọ kí wọ́n tó kí yín. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa sọ ọ́, á sì gbà yín lọ́wọ́ ìkùnsínú ọ̀pọ̀ ọdún.

Ojú kan ṣoṣo ni mo fi ń din àkàrà

Ojú òsì mi kò padà. Mo máa ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, mo máa ń ṣi àtẹ̀gùn tẹ̀, epo ti ta sí mi lọ́wọ́. Àwọn zémìjáàn (ọlọ́kadà) máa ń bọ́ sí mi lára lójijì. — Aláàkàrà, Àjàṣẹ́

Ojú méjèèjì ló ń bá ọpọlọ díwọ̀n bí nǹkan ṣe jìnnà tó, pàápàá ohun tí ọwọ́ lè tó. Ojú kan lè kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn, láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ máa mi orí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó nawọ́: ohun tó súnmọ́ máa ń yẹ̀ ju èyí tó jìnnà lọ. Nídìí omi, ẹ fi ẹnu ìgò kan etí ife kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi ìka kan di ife náà mú. Nídìí epo, ẹ má fi ojú wọn ọ̀nà rárá. Kí agbada wà lápá ọ̀tún yín, kí ẹ̀yìn ṣíbí onírù gígùn kọ́kọ́ kan etí agbada, kí àkàrà yọ̀ wọlé láti ibẹ̀ dípò kí ẹ máa jù ú. Ẹ yí mímú agbada sí ibi tí apá tàbí aṣọ kò ní fi kọ́ ọ.

Ẹ kun etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ní funfun tàbí àwọ̀ ìyeyè, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Èyí àkọ́kọ́ àti èyí ìkẹyìn ló ń gbé èèyàn ṣubú jù.

Ní títì, nítorí pé ojú òsì ni kò ríran, ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ òsì, kí ògiri wà lápá òsì yín, kí alùpùpù máa dojú kọ yín ní ibi tí ojú tó dára ti lè rí i. (Ẹni tí ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran kò ní àǹfààní yẹn, kí ó ṣì máa rìn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kó máa yí orí sọ́tùn-ún ní gbogbo ìṣísẹ̀ mélòó kan.) Bí ẹ bá fẹ́ sọdá, ẹ yí gbogbo orí títí àgbọ̀n yóò fi kan èjìká òsì. Yíyí ẹyinjú nìkan kò tó, imú á bo ibẹ̀.

Owó náà ńkọ́? Owó ẹyọ CFA 25 àti 100 fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, ṣùgbọ́n 25 ní àwọ̀ idẹ, 100 sì funfun. Ní ìdájí tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, ẹ ya wọn sí agolo méjì. Owó bébà máa ń gùn sí i bí iye rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ fi 1000 sílẹ̀ láì ká, kí ẹ ká 2000 sí méjì, 5000 sí méjì ní gígùn, 10000 sí mẹ́rin.

Màmá mi ń rí àwọn èèyàn kéékèèké

Láti ìgbà tí ojú màmá mi ti ṣókùnkùn, wọ́n máa ń rí àwọn ọmọ kéékèèké tó wọ aṣọ aláràbarà lára ògiri. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹbí ní kí a gbé wọn lọ ibi ìtúsílẹ̀. — Ọmọ wọn obìnrin, Àjàṣẹ́

Orí màmá yín pé. Bí àwòrán bá dín kù láti ojú, apá ibi ìríran nínú ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwòrán tirẹ̀ yà: èèyàn kéékèèké, òdòdó, aṣọ aláràbarà. Charles Bonnet ti ìlú Geneva kọ nípa rẹ̀ ní 1760, nígbà tó rí i lára bàbá rẹ̀ àgbà tí ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn, orúkọ rẹ̀ ni àìsàn náà sì ń jẹ́ títí dòní. Àwòrán yìí kì í sọ̀rọ̀, ẹni tó ń rí i sì mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Bó bá dé, ẹ tan iná sí i tàbí kí wọ́n dìde; kí wọ́n máa yí ojú sọ́tùn-ún sósì ní bí ìgbà 15, tàbí kí wọ́n nawọ́ sí i. Ó sábà máa ń dín kù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ láìbẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ arúgbó ló ń pa á mọ́ra nítorí kí wọ́n má bàa pè wọ́n ní wèrè.

Bí wọ́n bá ń gbọ́ ohùn, tí wọ́n gbà pé òótọ́ ni, tí ibà wà lára wọn tàbí tí iyè wọn ń ra, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ gbé wọn lọ rí dókítà. Ní ti àdúrà, ẹ gbà á fún wọn nílé. Ẹ má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó máa febi pa wọ́n, tó máa lù wọ́n tàbí tó máa kán nǹkan sí wọn lójú.

Tìróò àti omi ewé

Ìyá ọkọ mi ní kí n fi tìróò àti omi ewé kún oògùn dókítà kí ojú lè tètè là. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. — Ìyàwó ilé, Kétu

Rárá. Ìfẹ́ ni ìyá fi sọ ọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ojú tó ní egbò iṣẹ́ abẹ kò gbọ́dọ̀ rí ju oògùn tí dókítà kọ lọ. Kòkòrò àìfojúrí inú omi ewé lè gba ojú egbò wọlé, kó sì ba gbogbo ojú jẹ́ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Tìróò ní tirẹ̀, òjé máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kán oògùn, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ gbójú sókè, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ̀kán kan ṣoṣo bọ́ sínú rẹ̀. Ẹnu ìgò kò gbọ́dọ̀ kan ojú. Ẹ pa ojú dé fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, kí oògùn má bàa sàn lọ sí ọ̀fun. Bí ó bá ju oògùn kan lọ, ìṣẹ́jú márùn-ún ni kí ó wà láàárín wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èkejì á fọ àkọ́kọ́ dànù. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò sára rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má sì fi ọwọ́ ara yín dá a dúró tàbí kí ẹ ra òmíràn kún un nígbà tó bá tán: oògùn tó ní kọ́tísóònù nínú lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè láìsí ìrora.

Ìgbà wo ni mo lè padà sóko?

Iṣu ni mò ń gbìn ní Ṣábẹ̀ẹ́. Oṣù kan rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ojú kejì á tẹ̀ lé e. — Àgbẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ náà ló máa fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ní gbogbogbòò, ebè kíkọ àti ẹrù wíwúwo máa ń dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, bí gáàsì bá sì wà, di ìgbà tó bá tán. Nígbà tí ẹ bá padà, ẹ wọ awò tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ ike líle tí kì í fọ́, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ṣán oko tàbí la igi. Ojú tó dára ni ẹ ń dáàbò bò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín kò jìnnà sí òótọ́: bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá ni ojú kejì rẹ̀ ń ká nígbà tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kán oògùn tó ń fẹ ọmọlójú, kí wọ́n yẹ ẹ̀yìn ojú náà wò. Bí wọ́n bá rí ibi tó ya tí kò tíì ká, iná lésà ni wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀, ẹ bo ojú kan, ẹ wo ògiri kan náà, ẹ bo èkejì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, bí eruku dúdú bá ṣàdédé pọ̀ níwájú yín, tàbí bí òjìji bá ń bò láti ẹ̀gbẹ́ kan, kò ní dùn yín, ìdí sì nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń dúró. Ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ wọkọ̀ lọ sí Kútọnu, sí ẹ̀ka ojú ní CNHU, ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, tàbí sọ́dọ̀ dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ fún yín. Mákúlà lè wà níbẹ̀ láàárọ̀, kó ti ká kó tó di alẹ́. Bí àwọn ọmọ yín bá ń lo awò ìwo-ọ̀ọ́kán tó ju díópítà mẹ́fà lọ, ẹ mú wọn dání fún àyẹ̀wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnikẹ́ni nínú ẹbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SC, ọ̀kan lára oríṣi àìsàn fòníkú-fọ̀ladíde: ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣàìsàn bíi ti SS, ṣùgbọ́n rẹ́tínà wọn ló wà nínú ewu jù, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì tọ́ sí wọn bí ojú tilẹ̀ mọ́ kedere.